Ìwé Tí A Bá Gbádùn, Ẹ Jẹ́ Kí A Júwe Rẹ̀ Fún Ẹlòmíràn
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Àwa olùkọ́ ti kíyè sí i pé bí ẹnì kan nínú wa bá ra aṣọ tí ó wuyì, kì í pẹ́ tí gbogbo àdúgbò yóò fi mọ ìsọ̀ tí ó ti rà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá ka ìwé tí ó dùn, yóò pa á dé, yóò sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí ń pa wá lára. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè, àwọn òǹtẹ̀wé kì í tún un tẹ̀. Èyí tí wọn kò bá sì tún tẹ̀, àwọn ọmọ wa kò ní í rí i kà.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òǹkàwé ni ó yẹ kí a wò kí a tó dárúkọ ìwé fún un.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí èdè wa ti jinlẹ̀ tó, kí ó tọ D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, lọ. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè sì jáde ní 1949. Kí ó kà wọ́n sókè ketekete, nítorí etí ni ó ń kọ́kọ́ gbádùn Fágúnwà kí ojú tó gbádùn rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ti àkọ́kọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun lè fi í ṣe àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kì í ṣe ilé.

Ọ̀dọ́ tí ó bá ní ìwé Yorùbá ń mú oorun kun òun, ẹ fún un ní Àjà Ló Lẹrù, èyí tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tí ó jáde ní 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni ó ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú rẹ̀. Oorun kò ní í ráyè.

Ẹni tí ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀, kí ó ka Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó jáde ní ọdún kan náà. Yóò rí i bí àwọn tí ó wà lábẹ́ ìsìn ṣe dìde láti gba òmìnira, àti ohun tí ó ná wọn.

Ní ti Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, àwọn òbí kan ń fi í pamọ́ fún ọmọ wọn nítorí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú rẹ̀. Àwa kò bá wọn ṣe é. Ọmọ tí ó bá rí ìdààmú Àjàní láàrin àwọn omidan yóò kọ́gbọ́n láìjìyà.

Ìmọ̀ràn wa kò ju mẹ́ta lọ. Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan júwe ìwé kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó má sì sọ òpin ìtàn. Kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi ra méjì, kí ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé. Kí akọ̀wé sì máa kọ orúkọ ẹni tí ó bá yá ìwé sílẹ̀, kí ìwé lè padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí ìlú wa ó gòkè o.