Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Ẹ Jẹ́ Ká Máa Bi Àwọn Ọmọ Wa Léèrè Ibi Iṣẹ́ Wọn

 

Àwọn àgbà ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí oògùn má pa ẹni tó ń lò ó. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ọmọ ní iléeṣẹ́. Ọmọ ọ̀kan nínú wa fi ìka méjì sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Irin tó yẹ kó bo ẹnu ẹ̀rọ náà, wọ́n ti yọ ọ́ kí iṣẹ́ lè yá. Gbogbo wọn ló rí i, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí a béèrè ìdí, ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹni tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé ni."

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní safety climate nìyẹn: ohun tí òṣìṣẹ́ gbà lọ́kàn pé ọ̀gá kà sí jù, ẹ̀mí ni àbí owó. Ní 1980, Dov Zohar gbé ìwádìí jáde lórí iléeṣẹ́ 20 ní Ísírẹ́lì. Àwọn òṣìṣẹ́ ló bi léèrè. Ó rí i pé ojú tí ọ̀gá fi ń wo ààbò wà lára ohun tó ṣe pàtàkì jù.

Ẹ rántí Rana Plaza ní Bangladesh. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹrin, 2013, ògiri ilé alájà mẹ́jọ náà sán. Báǹkì tó wà níbẹ̀ ní kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Ẹ̀rù ń ba àwọn aránṣọ, síbẹ̀ àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ilé wó, ó pa ènìyàn tó lé ní 1,100.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín. Bí ọmọ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ má béèrè owó oṣù nìkan. Ẹ bi í pé: Ṣé wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́ yín? Òfin Nàìjíríà, Factories Act, kò gbà kí wọ́n tì í lọ́nà tí kò fi ní ṣeé ṣí kíá látinú. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ṣé wọ́n ń dá a dúró? Ẹni tó bá fi ewu han ọ̀gá, ṣé wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni àbí wọ́n ń lé e? Ìdáhùn ìkẹta yìí ló ń tú àṣírí iléeṣẹ́.

Kí àwa náà bi ara wa: ọmọ tó ń bá wa lọ ata, ṣé ó lè sọ pé wáyà ti bó, ká má jágbe mọ́ ọn? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fọmọ ṣòfò. Ẹ kú ọdún o.