Ìwọ̀n Eré Ojú Òpópónà: Ṣé Kí Á Pa Á Mọ́ Ni, Kí Á Fi Kún Un, Tàbí Kí Á Pa Á Rẹ́?

Àwọn àgbà méjèèjì tí a jọ jókòó yí tábìlì yìí ká ti sọ èrò ọkàn wọn ṣáájú mi. Ẹni tí ó gbẹ́yìn sọ̀rọ̀ ní àǹfààní kan, ìyẹn ni pé ó ti gbọ́ tẹnu àwọn yòókù. Ó sì ní ìṣòro kan, nítorí pé wọ́n ti ṣa ẹran inú ọbẹ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ kí n wá eegun díẹ̀ níbẹ̀ ná.

Ìyànà Ìpájà ni mo ń gbé. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè wa dáadáa yóò mọ̀ pé ‘yà’ àti ‘ọ̀nà’ ni ó so pọ̀ di ‘ìyànà’, ibi tí ọ̀nà gbé yà. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lónìí náà ti dé ìyànà. Àgbà kìn-ín-ní sọ pé kí ìjọba fi kún ìwọ̀n eré tí òfin gbà láàyè ní ojú òpópónà márosẹ̀, nítorí pé àwọn ọkọ̀ òde òní lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Àgbà kejì ní kí a tilẹ̀ pa òfin náà rẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ń tẹ̀ lé e, àwọn kan sì ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀. Èmi ní tèmi gbà pé kí a pa á mọ́. Ṣùgbọ́n n óò sọ ìdí rẹ̀, n óò sì sọ ibi tí òfin náà gbé kù díẹ̀ káàtó.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2012 ni ó fi ààlà sí eré. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 100 lọ ní wákàtí kan ní òpópónà márosẹ̀. Bọ́ọ̀sì àti takisí kò gbọdọ̀ ju 90 lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ agbépo kò gbọdọ̀ ju 60 lọ. Bí wọ́n bá wọ àárín ìlú, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kọjá 50, ọkọ̀ akẹ́rù kò sì gbọdọ̀ kọjá 45. Àwọn tí a fi ṣọ́ òfin yìí ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni àjọ náà ti ń béèrè pé kí gbogbo ọkọ̀ èrò ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sáré kọjá ààlà.

Òfin wà, a sì kọ ọ́ dáadáa. Kí ni ó dé tí a fi ń jiyàn lé e lórí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ìjelòó, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta, mo ń bọ̀ wá sí ilé. Bí a ti kúrò ní gáréèjì ni awakọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọkọ̀ mìíràn sẹ́yìn, ní ọ̀tún, ní òsì. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ fi ọwọ́ kàn án ní èjìká, ó ní, ‘Ọmọ mi, jọ̀wọ́, rọra. Ọmọ tuntun ni mo ń lọ wẹ̀.’ Awakọ̀ dáhùn pé, ‘Ìyá, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wà á.’ Eré náà kò dín kù. Olùkọ́ ni mí, iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà n kò la ẹnu mi. Gbogbo wa dákẹ́, a fi ìyá àgbà náà sílẹ̀ ní òun nìkan.

Nígbà tí a dé Sángo Ọ̀tà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gbà wá ní àlejò. A dúró pa síbẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọkọ̀ kan tí a ti fi sẹ́yìn láti Ewékorò fi wá rọra dúró ní ẹ̀gbẹ́ wa gan-an. Awakọ̀ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. Ìyá àgbà náà wò ó, ó wo awakọ̀ tiwa, kò sì sọ ohunkóhun mọ́.

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, mo wá bi awakọ̀ náà pé kí ni ó ń lé e. Ó ní, ‘Ọ̀gá, bí n kò bá ná ọ̀nà yìí dé iye tí ó yẹ lójúmọ́, owó ọlọ́kọ̀ kò ní í pé. Ta ni yóò bá mi san án?’ Mo kó ìbéèrè náà lọ sí ilé, n kò sì tíì rí i dá lóhùn tán.

Mo fẹ́ kí a fi ìṣirò wo ọ̀rọ̀ àgbà kìn-ín-ní. Òpópónà márosẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, gùn tó kìlómítà 127. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan láìdúró, ìṣẹ́jú 76 ni yóò lò. Bí a bá sọ ọ́ di 120, yóò lo ìṣẹ́jú 63 àti ààbọ̀. Èrè ibẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú 13, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà Èkó sì lè gba gbogbo rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kí ni a ó san? Agbára tí ọkọ̀ fi ń kọ lu nǹkan kì í bá eré rìn ní ọgbọọgba. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 100 sí 120, yóò fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí eré àwọn ọkọ̀ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé, ewu ìjàǹbá tí ń pa ènìyàn á fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin lé. Ọjà tí a ń rà fún ìṣẹ́jú 13 yìí ti wọ́n jù.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti rin ìyànà yìí kọjá. Ní ọdún 1865, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọkọ̀ tí ń fi ẹ̀rọ rìn má ṣe ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan ní ẹ̀yìn ìlú, máìlì 2 ní àárín ìlú, kí ẹnì kan sì máa fi ẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀. Ìyẹn ti pọ̀ jù, wọ́n sì ti pa á tì. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí epo wọ́n, ìjọba dá ààlà máìlì 55 sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1974. Àwọn tí wọ́n kú ní ojú pópó, tí wọ́n lé ní 54,000 ní ọdún 1973, dín kù sí nǹkan bí 45,000 ní ọdún 1974. Òótọ́ ni pé ìrìn àjò dín kù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n eré tí ó rọlẹ̀ ní ipa tirẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n fagi lé òfin náà. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí a pa ààlà rẹ́ a máa tọ́ka sí Jámánì, níbi tí ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà márosẹ̀ kò ti ní ààlà. Ṣùgbọ́n ìjọba Jámánì ń gba awakọ̀ níyànjú pé kí ó má ṣe ju 130 lọ, kò sì sí ẹni tí ń gbé igbá ọsàn sórí gba àárín ọ̀nà náà kọjá.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, láti Ilé Epo dé Ìyànà Ìpájà. Lójú awakọ̀ tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, òpópónà márosẹ̀ ni, 100 ni ó sì wà ní ọkàn rẹ̀. Lójú ìyá tí ń ta búrẹ́dì, lójú ọmọ ilé ìwé tí ń kọjá lọ sí ìhà kejì, àárín ìlú ni. Ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan á ti rin mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan bíréèkì. Ọmọ náà kò ní ẹ̀rọ, kò ní ìgbànú, kò ní irin tí ó bo ara rẹ̀. Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn tí ń kú lójú pópó lọ́dọọdún ní gbogbo ayé, ó ju ìdajì lọ tí ó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Nítorí náà, nígbà tí àgbà kìn-ín-ní bá sọ pé ọkọ̀ òde òní lágbára, mo gbà. Ara ọmọ ènìyàn ni kò tíì yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi èdè ṣe àlàyé díẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, eré, ni Yorùbá fi ń pe ohun tí ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá àti ohun tí ẹṣin ń sá. Ṣùgbọ́n a kì í pe ìwọ̀n ní eré. Ìwọ̀n ni ọlọ́jà fi ń mọ ohun tí ó tọ́ sí olùrà, ìwọ̀n náà ni ó ń dá ààbò bo ẹni tí kò mọ ọjà í ná. Ìwọ̀n eré ń dá ààbò bo ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀, tí kò sì jèrè kankan nínú eré tí a ń sá.

Mo dá àgbà kejì lóhùn báyìí: bí àwọn kan bá ń fi òṣùwọ̀n èké ta gàrí, a kì í sọ òṣùwọ̀n nù, ẹni tí ń ṣe èké ni a ń bá wí. Kí ìjọba gbé àmì 50 sí ojú gbangba níbi tí òpópónà bá ti wọ ìlú. Kí wọ́n kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ sí ibi tí èrò pọ̀, kí àwa náà sì máa gun èyí tí ó wà. Kí ọlọ́kọ̀ mọ̀ pé owó ojúmọ́ tí ó bù lé awakọ̀ lórí wà lára ohun tí ń tẹ iná ọkọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún àwọn ọmọ ní ìṣirò ìṣẹ́jú 13 yìí ṣe nínú kíláàsì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní òpin ọ̀sẹ̀, bí ìyá àgbà kan bá tún sọ pé, ‘Ọmọ mi, rọra’, ẹ má ṣe dákẹ́ bí mo ti dákẹ́. Ẹ bá a sọ ọ́. Òfin tí èrò inú ọkọ̀ bá gbè lẹ́yìn ni awakọ̀ ń bẹ̀rù.