Áílándì ní Muṣin: Ṣé kíṣìnì wa gbà á?

  Ẹ̀yin tí dátà yín kò tó láti gbọ́ ohùn wa, gbogbo ohun tí mo sọ lórí ètò náà la kọ sílẹ̀ fún yín níbí.

Ọ̀rọ̀ áílándì la mú wá lónìí. Ẹ fara balẹ̀, n kò sọ̀rọ̀ Lẹ́kí tàbí Victoria Island. Àwa ará Mainland ṣá, kí ẹnì kan tó pe "áílándì" tán, Third Mainland Bridge ti wá sí wa lọ́kàn. Èyí tí mò ń sọ ni tábìlì ńlá tí wọ́n ń kọ́ sí àárín kíṣìnì, tí kò kan ògiri kankan, tí wọ́n tẹ́ mábù sí lórí, tí kábínẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ti rí i lórí Instagram. Ẹ ti rí i nínú fíìmù, níbi tí ìyàwó olówó ti máa ń gé ápù sí wẹ́wẹ́ tí kò sì ní jẹ ẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ ilé wa ni pé à ń tún kíṣìnì ìyá mi ṣe, ní Muṣin níbí. Face-me-I-face-you ni ilé náà: yàrá márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, ọ̀nà kan láàárín, kíṣìnì àti balùwẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí àwọn ayálégbé dín kù, a wó ògiri tó wà láàárín kíṣìnì àti yàrá ìkẹ́rù, ó wá di ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 12 ní gígùn. Àwa ọmọ mẹ́ta la jọ ń dá owó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ló dá èyí tó pọ̀ jù, àwọn náà ni wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: áílándì funfun, àga gíga mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sítóòfù lórí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí mo fẹ́ fún Màmá nìyí."

Màmá wo fọ́tò náà títí. Wọ́n ní, "Ta ni yóò máa gun àga tó ga báyìí? Ṣé orókún mi yìí ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ń se mọ́ínmọ́ín fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Tí òde bá wà ní Sátidé, láti ọjọ́ Jímọ̀ ni ènìyàn mẹ́rin ti máa wà nínú kíṣìnì yẹn: ẹnì kan ń bó ẹ̀wà, ẹnì kan ń nu ewé, ẹnì kan ń pọ́n ọn, Màmá fúnra wọn wà nídìí ìkòkò. Ṣọ́ọ̀bù wọn nìyẹn. Bí a bá fi ọ̀ṣọ́ gba ààyè yẹn, oúnjẹ òòjọ́ wọn la fọwọ́ kàn.

Kí ẹnikẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà, mo ní ká wọ̀n ọ́n ná. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ National Kitchen and Bath Association, àwọn ló ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn tó ń ṣètò kíṣìnì. Wọ́n ní ibi tí ẹnì kan ń dúró dáná kò yẹ kó dín ní ínṣì 42, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀. Tí àwọn tó ń dáná bá ju ẹyọ kan lọ, ínṣì 48, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin gbáko. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kíṣìnì wa fẹ̀ ní 10. Káńtà ẹ̀gbẹ́ ògiri gba 2, ó ku 8. Ká ní áílándì náà kéré, kó fẹ̀ ní 2, ó ku 6. Ẹ pín 6 sí méjì: 3 lápá ọ̀tún, 3 lápá òsì. Kò tó ti ẹnì kan pàápàá, ká má tíì sọ ti ẹni mẹ́rin. Ògiri kan ṣoṣo la sì tíì fi káńtà sí yẹn o!

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya áílándì náà sílẹ̀, mo to páálí Indomie sórí ìlà rẹ̀. Àbúrò mi gbé kúlà ńlá, ó ń bọ̀ láti ibi ẹnu ọ̀nà, èmi náà gbé ìkòkò, mò ń jáde. A ò lè kọjá lára ara wa. Ẹ̀yin náà, ẹ dán an wò kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀kì kò wọ́n.

Kí ló dé tí kíṣìnì Muṣin fi kéré tó báyìí? Owó ni. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Muṣin wà. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ wọ Èkó ń wá ibi tí wọn yóò máa sùn tí kò ní wọ́n jù, àwọn onílé náà ń kọ́ ọ fún wọn. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Sandra Barnes, kọ odindi ìwé lórí Muṣin, Patrons and Power, tó jáde ní 1986. Ohun tó hàn kedere nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá nílé ní Muṣin ló lẹ́nu ní àdúgbò. Yàrá ló ń mú owó wọlé. Kíṣìnì kì í san rẹ́ǹtì. Tí o bá jẹ́ onílé, èwo ni wàá gé kù?

Àmọ́ kíṣìnì kékeré kì í ṣe ìyà dandan. Ní 1926, obìnrin kan tó ń ya àwòrán ilé, Margarete Schütte-Lihotzky, ọmọ Austria, ya kíṣìnì kan fún àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Frankfurt, ní Jámánì. Kò fẹ̀ tó mítà 2, kò gùn tó mítà 3 àtààbọ̀. Tiwa yìí jù ú lọ dáadáa. Lára ibi tó ti kọ́gbọ́n ni kíṣìnì inú ọkọ̀ ojú irin. Ògiri méjì tó kọjú síra ló to ọ̀pọ̀ nǹkan sí. Tí o bá kàn yí padà, ọwọ́ rẹ ti dé ibi tó ń lọ. Wọ́n kọ́ nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀. Àbùkù tí àwọn ènìyàn rí sí i ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, ẹni náà á sì dá wà níbẹ̀.

Ìdáwà yẹn gan-an lohun tó wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n mi. Mo pè wọ́n, mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí áílándì yẹn ṣe fún Màmá?" Wọ́n ní nínú fúláàtì tí àwọn kọ́kọ́ gbé ní London, ògiri ni àwọn ń kọjú sí tí àwọn bá ń dáná, ẹ̀yìn ni àwọn ń kọ sí àwọn ọmọ. Ìgbà tí wọ́n kó lọ sílé tó ní áílándì ni wọ́n tó ń rí ojú àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gé àlùbọ́sà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, n ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo kíṣìnì ẹ̀yìnkùlé tí a dàgbà sí. Ta ló kọ ẹ̀yìn sí ta níbẹ̀? Oníkálukú gbé sítóòfù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n kọjú síra wọn, ẹni tí iyọ̀ rẹ̀ bá tán á kàn na ọwọ́ sí ẹnìkejì ni. (Èéfín kẹrosíìnì náà wà níbẹ̀ o, àti ìjà orí omi. N ò sọ pé ọ̀run ni.) Ohun tí wọ́n ń fi áílándì wá ní London, lórí àpótí la ti ń rí i ní Muṣin. Ohun tí Màmá ò ní ni atẹ́gùn, iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, àti ibi tí wọ́n ti lè jókòó ṣiṣẹ́ láì tẹ̀ ba.

Gáàsì ló wá ká ọ̀rọ̀ sítóòfù orí áílándì kúrò nílẹ̀ fún mi. Gáàsì tí a fi ń dáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń bá lọ, á kó jọ sí kọ̀rọ̀, á máa dúró de iná. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí sílíńdà wà níta, kí ọ̀pá rẹ̀ gba inú ògiri wọlé sídìí sítóòfù. Tí sítóòfù bá wá wà láàárín kíṣìnì, àfi ká fọ́ sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ká ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, tàbí kí rọ́bà gáàsì na gbalaja sí ibi tí àwọn tó gbé omi gbígbóná ń gbà kọjá.

Nítorí náà, a ò kọ́ áílándì. Káńtà máa wà lára ògiri gígùn méjèèjì, ẹsẹ̀ bàtà 6 á ṣófo láàárín. Apá kan máa ga ní ínṣì 36 bí ti gbogbo ayé, apá kejì máa wálẹ̀ sí ínṣì 30, kò ní sí kábínẹ́ẹ̀tì lábẹ́ rẹ̀, kí Màmá lè fi àga gidi jókòó, kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀. Káfíńtà máa ṣe tábìlì kékeré kan tó ní táyà mẹ́rin tó ṣe é tì pa. Lọ́jọ́ òde, wọn á yí i jáde sí àgbàlá. Owó tó ṣẹ́ kù, a fi sórí fèrèsé méjì tó kọjú síra.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ ilé tuntun, tí kíṣìnì yín sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 13 àtààbọ̀, ẹ lè fi káńtà sí ògiri méjèèjì kí ẹ tún kọ́ áílándì sáàárín, tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń dáná. Tí káńtà bá wà ní ògiri kan ṣoṣo, 11 àtààbọ̀ tó. N ò bá yín jà.

Àǹtí mi ò dá wa lóhùn lórí WhatsApp fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, voice note wọlé: "Ṣé wọ́n á ṣáà kun tábìlì onítáyà yẹn ní funfun?" Màmá ní funfun kẹ̀, nínú kíṣìnì tí epo pupa wà? Wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ náà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Sátidé sì ni káfíńtà ń bọ̀.