Ẹni Tó Ń Fi Kámẹ́rà Jẹun: Bí Sony Ṣe Wọ Ọjà Àwọn Ọ̀gá Onífọ́tò

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni pé: ilé-iṣẹ́ tí kò sí lọ́jà àwọn tó ń fi fọ́tò jẹun tẹ́lẹ̀, ṣé ó lè wọ ibẹ̀ kó sì rọ́wọ́ mú? Èmi ní ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó dára nìkan kọ́ ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ya fọ́tò fún fàájì lè pàdánù àwòrán kan, kó ya òmíràn lọ́la. Onífọ́tò tí wọ́n gbà fún ìgbéyàwó n'Íbàdàn kò ní àyè bẹ́ẹ̀: ìyàwó kò ní bọ́ òrùka kó tún un wọ̀ nítorí pé káàdì kámẹ́rà bàjẹ́. Ìdí nìyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń béèrè ohun tí àwọn yòókù kì í béèrè. Bó bá bàjẹ́ lónìí, ta ni yóò tún un ṣe, ìgbà wo ni yóò sì tó mi lọ́wọ́ padà? Lẹ́ńsì tí mo fi owó gọbọi rà, ṣé yóò wọ kámẹ́rà tí ẹ máa ṣe ní ọdún mẹ́wàá sí i? Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ṣé ẹ ó ṣì wà lórí àtẹ?

Ilé-iṣẹ́ Nikon mọ ìdí àwọn ìbéèrè yìí. Nígbà ogun Kòríà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1950 ni orúkọ lẹ́ńsì wọn jáde, nígbà tí David Douglas Duncan, tó ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn Life, ń fi lẹ́ńsì Nikkor sí kámẹ́rà Leica rẹ̀. Ní 1959 wọ́n gbé Nikon F jáde, wọ́n sì di ẹnu kámẹ́rà náà, níbi tí lẹ́ńsì ti ń wọlé, mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òdìkejì èyí ni Canon ṣe. Ní 1987, wọ́n yí ẹnu kámẹ́rà wọn padà pátápátá. Lẹ́ńsì FD tí àwọn oníbàárà ti fi làágùn rà kò wọ kámẹ́rà EOS tuntun. Ó dùn wọ́n, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n. Àmọ́ Canon ti fi mọ́tò sínú lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, kámẹ́rà sì ń fúnra rẹ̀ mú kí àwòrán ẹni tó ń sáré hàn kedere kí ó tó kọjá. Àwọn onífọ́tò eré ìdárayá dárí jì wọ́n, lẹ́ńsì funfun Canon sì kún ẹ̀gbẹ́ pápá.

Ní 2006 ni Sony gba iṣẹ́ kámẹ́rà lọ́wọ́ Konica Minolta. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti Walkman ni ayé fi mọ̀ wọ́n. A7 tí wọ́n ṣe ní 2013 kéré, ó fúyẹ́, fọ́tò rẹ̀ sì dára gan-an, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ń tètè kú, ojú ihò káàdì kan ṣoṣo ló sì ní. Ta ni yóò gbé ìyẹn nìkan lọ síbi ìgbéyàwó?

A9 ti 2017 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ fojú inú wo onífọ́tò tó dúró nítòsí ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Kámẹ́rà ti tẹ́lẹ̀ ní dígí nínú, tó ń gbé àwòrán lọ sójú onífọ́tò. Bó bá ti tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè, á dún, ojú á ṣókùnkùn, dígí á tún já wálẹ̀. Ìgbà tó ń ya fọ́tò gan-an ni kì í rí nǹkan kan! Ariwo yẹn sì lè da ọkàn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù rú, nítorí náà èèwọ̀ ni kí èèyàn ya fọ́tò nígbà tó bá ń fa igi sẹ́yìn. A9 kò ní dígí. Ó lè ya fọ́tò 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan láìdún rárá, ojú onífọ́tò kò sì ní ṣókùnkùn. Sony fúnra wọn ló ń ṣe sẹ́ńsọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé. Wọ́n lẹ ibi ìpamọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn kí àwòrán lè tètè kúrò lórí rẹ̀. Bí kò bá tètè kúrò, igi gọ́ọ̀fù tó ń yára lọ á tẹ̀ nínú fọ́tò bí rọ́bà. Wọ́n tún fún un ní bátìrì ńlá àti ojú ihò káàdì méjì. Wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà.

Ní 2020, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press ti Amẹ́ríkà kéde pé Sony ni gbogbo onífọ́tò àti oníkámẹ́rà fídíò wọn yóò máa lò.

Ẹ wá fi Samsung wé e. NX1 tí wọ́n gbé jáde ní 2014 ń ya fọ́tò 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà gidi ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó kúrò lọ́jà náà, wọ́n sì fi àwọn tó ti ra lẹ́ńsì sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Lójú tèmi, ìwà yìí burú ju kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ má dára lọ. Sony ní tirẹ̀ dúró láti 2006 títí dé 2017, kí àwọn ọ̀gá tó gbà á tọkàntọkàn. Láti 2011 ló sì ti fi ìmọ̀ nípa ẹnu kámẹ́rà E rẹ̀ lé àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tí owó rẹ̀ kò ká lẹ́ńsì Sony lè ra ti Tamron tàbí Sigma.

Nígbà tí Nikon àti Canon fúnra wọn gbé kámẹ́rà Z àti EOS R, tí kò ní dígí, jáde ní 2018, ẹnu tuntun ni wọ́n fún àwọn méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ṣe ohun ìsopọ̀ kí lẹ́ńsì àtijọ́ lè wọ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ wá kan tiwa níbí. Ó pẹ́ tí Canon àti Nikon ti máa ń ṣí yàrá àtúnṣe níbi ìdíje Olympics, tí wọ́n ń yá àwọn onífọ́tò ní lẹ́ńsì. Òde tí àwọn onífọ́tò Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò kéré, owó ńlá ni wọ́n sì ń ná lórí irinṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ wọn, kó ṣí irú ibi àtúnṣe bẹ́ẹ̀ síbí, níbi tí ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ bàjẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ti lè yá òmíràn lò fún òde ọjọ́ Sátidé.