Ohun Tí Ọ̀dọ́ Àríwá Èkìtì Ń Retí Kí Ìdìbò 2027 Tó Dé



Ìbéèrè tí ẹ̀yin àgbà fi pè mí ni pé ta làwọn ọ̀dọ́ máa dìbò fún. Mi ò ní dáhùn yẹn. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ni wá, a kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí mo bá dárúkọ ẹnì kan, ìdajì yín á dìde. Ohun tí wọ́n ń retí ni mo lè sọ.

Lóṣù kejì ọdún 2023, Èkìtì fún Tinubu ní ìbò 201,494, Atiku gba 89,554, Obi gba 11,397. Ẹni tó bá wo iye yẹn á ní ọmọ Yorùbá là ń wò, ó parí. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93. Ẹni tó wọlé gba 8,794,726. Nínú èèyàn mẹ́wàá, kò pé ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ló jókòó sílé, àwọn yẹn ni mo sì mọ̀ jù, torí ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, ààbò ni wọ́n á kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Lọ́jọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba Ìmòjò àti ọba Èsùn lójú ọ̀nà. Ọba o! Títí dòní, bí mo bá fẹ́ wọ mọ́tò nírọ̀lẹ́, màmá mi á pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ọkọ̀. FUOYE wà ní Ọ̀yẹ́, ó wà ní Ìkọ̀lé. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ohun tójú ẹ̀ ń rí.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ lórí “dìbò kó o sebẹ̀”. Wọ́n mọ̀ wá mọ́ ọn. Mi ò bá ìyá tó gbowó jà, ebi kì í ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fowó ra ìbò gbà pé òun ò jẹ wá ní gbèsè kankan mọ́. Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ ní aṣòfin kan l'Ábùjá. Ìdó-Òsì, Mọ̀bà àti Iléjeméje ní ọ̀kan. Gbogbo wa ní sẹ́nétọ̀ kan. Èèyàn mẹ́ta péré! Ẹ jẹ́ ká dárúkọ ọ̀nà kan pàtó fún wọn, ká yé sọ “ìdàgbàsókè” lásán.

Ẹ̀yin àgbà rántí àtúndì ìbò 2009, bí èsì Ìdó-Òsì ṣe di ariwo. Ilé ẹjọ́ kò parí ẹ̀ títí di oṣù kẹwàá 2010. Mo ṣì wà ní pírámárì nígbà yẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tẹ́ ẹ bá dìbò tán, ẹ dúró kí wọ́n lẹ èsì mọ́ ara ògiri, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ káàdì wá kù. Ibi téèyàn ti forúkọ sílẹ̀ nìkan ló ti lè dìbò, mọ́tò kì í sì í rìn lọ́jọ́ náà. Ẹni tí káàdì ẹ̀ wà ní Agége tó sì ń gbé Ìkọ̀lé, kó tètè lọ bá INEC kí wọ́n bá a yí i padà. Ọ̀fẹ́ ni.

Ní báyìí, ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ ká bi àwọn olùdíje ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ á kó wọn jọ, a ó tẹ ìdáhùn wọn síbí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí kò bá dáhùn.