Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Fọ́tò Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Irú ààbọ̀ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò tí John Pawson máa ń yà. Oníṣẹ́-ọnà ilé ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní Halifax ní 1949. Ó gbé ní Jàpáànù, níbi tí ó ti mọ Shiro Kuramata, ọ̀gá nínú iṣẹ́-ọnà. Ní 1981 ni ó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní London.

Nínú ìwé rẹ̀, Minimum, tí ó jáde ní 1996, ó là á yéni pé iṣẹ́ pé nígbà tí kò bá sí ohun tí a tún lè yọ lára rẹ̀ kí ó fi dára sí i. Òfin kan náà ni kámẹ́rà rẹ̀ ń tẹ̀lé. Bí ẹrù bá kún iyàrá, ojú a máa sá kiri. Bí iyàrá bá ṣófo, ojú yóò rí bí òjìji ti ń rìn lára ògiri, yóò sì mọ òkúta yàtọ̀ sí pákó. Kì í ṣe funfun nìkan ni ó ń wá: nínú Spectrum, ìwé fọ́tò rẹ̀ ti 2017, àwọ̀ ni ó fi to fọ́tò tẹ̀lé ara wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń béèrè pé: ìkòkò ọbẹ̀ dà? Bàtà ọmọdé ńkọ́? Ìbéèrè náà tọ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù gígùn ni ó máa ń gbé ẹrù mì. Fọ́tò kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdajì òtítọ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti Nový Dvůr ní ilẹ̀ Czech, ilé àwọn mọ́ńkì Trappist tí a yà sí mímọ́ ní 2004. Àwòrán ṣọ́ọ̀bù aṣọ Calvin Klein tí Pawson ṣe ní New York ni ó mú kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Nínú ibi ìtajà olówó ńlá ni àwọn tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ àìní ti rí àpẹẹrẹ ilé àdúrà! Ní tiwọn, òfìfo iyàrá kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ìgbésí ayé wọn gan-an ni.

Olùkọ́ lè dán èyí wò ní kíláàsì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya iyàrá kan bí ó ti wà, kí wọ́n kó ẹrù jáde, kí wọ́n tún un yà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n béèrè: kí ni a yọ, níbo ni a sì kó o sí? Ẹni tí ó bá lè dáhùn ti gbọ́ odidi ọ̀rọ̀.