Rọ́bà Epo àti Asẹ́ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn atukọ̀ sọ ní ìpàdé agbègbè Ẹ̀pẹ́)

Àwọn mìíràn nínú yín yóò ti máa rò ó lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ ìbò tàbí ti owó-orí ni a tún gbé dé. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ní ọjọ́ tiwọn. Rọ́bà ni a wá sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: rọ́bà tí ó ti inú táńkì epo lọ sí ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀, àti asẹ́ kékeré tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń wí pé òun fẹ́ kí àgbẹ̀ jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè bá a gbèrò bí irè oko rẹ̀ yóò ṣe dé ọjà láìdúró sí àárín ọ̀sà.

Ohun tí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n nìyí. Ní ọjọ́ ọjà kan, a wọ ọkọ̀ ní Àgbọ̀wá, a ń bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ènìyàn 9 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, pẹ̀lú àpò gàrí 14 àti agbọ̀n ata 6. Bí a ti kọjá Ejìnrìn ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò sì pẹ́ tí ó fi kú pátápátá. Atukọ̀ fa okùn rẹ̀ títí apá fi ro ó. Afẹ́fẹ́ ń gbé wa lọ sínú koríko ojú omi, òjò sì ti ń ṣú bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn fi wọ́ wa dé èbúté, ilẹ̀ ti ṣú, ọjà ti tú, ata àwọn ìyá wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì wò, kò rí ohun tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Rọ́bà epo ni. Rọ́bà funfun tí a fi ń fa omi ni a rà sí i, nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Epo bẹntiróò ti mú un gan bí igi, ó sì ti sán níbi tí a ti so ó mọ́ táńkì. Àwa fúnra wa ni a rà á. A kò rí ẹlòmíràn tí a lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ kì í dúró kí epo ṣàn wá bá òun. Fífà ni ó ń fà á láti inú táńkì. Bí ọmọdé bá fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fa omi mu, tí ọ̀pá náà sì ya díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi lè má jò jáde rárá. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé, ọmọ náà yóò fà á títí, ẹnu rẹ̀ kò ní kún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti rọ́bà tí ó sán. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ atukọ̀ fi ń búra pé rọ́bà àwọn kò jò, tí wọ́n sì ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lásán.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ju kí ọkọ̀ dúró lọ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn, inú epo kan náà ni ọ́ìlì ti ń dé ara písítìnnì. Bí epo kò bá tó o, ọ́ìlì kò tó o nìyẹn. Písítìnnì yóò gbóná títí yóò fi há, tàbí kí ojú rẹ̀ jó. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra rọ́bà, ẹ béèrè èyí tí a ṣe fún epo ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ka ohun tí a tẹ̀ sí i lára: bí ẹ bá rí B1-15 tàbí A1-15, ojúlówó ni a pè é. Nọ́ńbà 15 náà ń sọ bí òórùn epo tí ó lè gba ara rọ́bà jáde lóòjọ́ ti gbọ́dọ̀ kéré tó. Lẹ́tà A sì ń sọ fún wa pé a ti dán an wò nínú iná fún ìṣẹ́jú 2 àti àbọ̀. Ní ti ìbú ihò rẹ̀, mìlímítà 8 ni ó wọ́pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì kékeré, àwọn ńláńlá a sì máa lo nǹkan bí 10. Ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má ṣe fi wáyà tàbí awẹ́ tíúbù kẹ̀kẹ́ so ó. Irin ìdè tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò.

Rọ́bà rìbìtì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó ṣí, ọfà wà lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni kí ọfà náà kọjú sí. Ẹlẹ́rìí òtítọ́ ni rọ́bà yìí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí tí kò le, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan, tàbí kí fáàfù inú rẹ̀ ti kú. Bí ó bá sì fún pọ̀ pẹlẹbẹ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ohun kan dí ní ìhà táńkì. Ẹ kọ́kọ́ wo ihò èémí tí ó wà lórí ìdérí táńkì, nítorí a ti rí atukọ̀ tí ó gbàgbé láti ṣí i, tí ó sì ń ṣépè fún ẹni tí ó ta epo fún un.

Ó ku asẹ́. Èyí tí ó kéré wà lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì láti ilé iṣẹ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi òmíràn tí ó tóbi sí àárín táńkì àti ẹ́ńjìnnì, irú èyí tí ń ya omi kúrò lára epo. Èyí tí ó jẹ́ micron 10 ni ó dára, ìyẹn ni pé ìdọ̀tí tí ó bá ju ìdá 1 nínú 100 mìlímítà lọ kò ní lè kọjá. Ẹ má ṣe fi asẹ́ kékeré ti alùpùpù rọ́pò rẹ̀. Kò lè gba ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 ń fẹ́.

Kí ni ó dé tí a fi tẹnu mọ́ omi tó bẹ́ẹ̀? Inú kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra epo, òjò a máa wọ̀ ọ́, ìrì òru a sì máa sẹ̀ sínú táńkì tí kò kún. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo. Ẹ kò sì ní gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ti wọ orílẹ̀-èdè wa. Mẹ́tánọ́ọ̀lù a máa ba rọ́bà jẹ́, a sì máa fa omi mọ́ra. Aráàlú ni ó san owó àtúnṣe. Nítorí náà, ẹ bu epo díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ jẹ́ kí ó silẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà kan tí omi dúró sí abẹ́ rẹ̀, ẹ dá epo náà padà.

Àwọn tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì sábà máa ń ní kí a pààrọ̀ asẹ́ lẹ́yìn wákàtí 100 tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Pẹ̀lú irú epo tí a ń rà, wákàtí 50 ni àwa fi mọ. Èyí tí a fi bébà ṣe kò ṣeé fẹnu fẹ́ kí a tún dá a padà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó tú u, kí sìgá tàbí sítóòfù má sì sí nítòsí, nítorí òórùn epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń sá pamọ́ sí.

Ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dá owó jọ láti ra rọ́bà àti asẹ́ lápapọ̀, kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìfipamọ́ tirẹ̀ nínú àpótí. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí gbogbo atukọ̀ tú rọ́bà epo rẹ̀ wá. A ó fi aṣọ funfun nù ún, a ó tẹ̀ ẹ́ kọ́ níwájú gbogbo yín. Èyí tí ó bá kun aṣọ ní dúdú tàbí tí ó bá sán, kò ní padà sínú ọkọ̀.